Láti orí kart dé inú touring car: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn òbí ọmọ Yorùbá ní Ìlú Ọba

Sí gbogbo òbí àti alágbàtọ́ tí ọmọ wọn ń bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ di awakọ̀ eré ìje. Ẹ̀dà rẹ̀ wà fún àjọ Motorsport UK.

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wa touring car ní Ìlú Ọba lónìí ló ti gun kart nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó gbé wọn débẹ̀ kì í ṣe àwámárìídìí. Ó ní ìpele, ó ní ọjọ́ orí, ó ní ìwé àṣẹ, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní iye owó tó ń jẹ. Àmọ́ nínú ilé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní London, Manchester tàbí Birmingham, Formula 1 nìkan ni wọ́n mọ̀, nítorí Lewis Hamilton. Bí ọmọ bá ti ní òun fẹ́ wa ọkọ̀ ìje, ibẹ̀ ni ọkàn gbogbo ilé ń lọ. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí, torí pé àwọn tó ń wa Formula 1 kárí ayé ò ju díẹ̀ lé ní ogún èèyàn lọ, owó tí ẹbí á sì ná kí ọmọ tó sún mọ́ ibẹ̀ ń dẹ́rù bani. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. British Touring Car Championship, tí àwọn èèyàn ń pè ní BTCC, jẹ́ ibi tí awakọ̀ lè fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́, kó lórúkọ, kó sì gbayì, láì tilẹ̀ bójú wo ọ̀nà Formula 1.

Touring car ni ọkọ̀ tí ìrísí rẹ̀ jọ èyí tó ń rìn lójú pópó. Hyundai i30, Ford Focus, Toyota Corolla, BMW: ẹni tó bá dúró lẹ́bàá pápá lè rí irú ọkọ̀ tí aládùúgbò rẹ̀ ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Inú rẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Wọ́n ti tú àga, kápẹ́ẹ̀tì àti gbogbo ohun ìtura dànù. Àga kan ṣoṣo ló kù, ọ̀pá irin tí wọ́n jó pọ̀ sì yí awakọ̀ ká lókè, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà méjì tó ní turbo, agbára rẹ̀ sì ju 350 ẹṣin lọ. Òfin tí wọ́n ń pè ní NGTC, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ló mú kí gbogbo ẹgbẹ́ máa ra ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ lọ́dọ̀ olùpèsè kan náà, títí kan jíà Xtrac àti bíréèkì AP Racing, kí ẹgbẹ́ olówó má baà fi owó nìkan lu ẹgbẹ́ kékeré pa.

Ìdíje yìí ti dàgbà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1958, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ British Saloon Car Championship. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, máàkì kan náà ni Jack Sears àti Tommy Sopwith ní nígbà tí gbogbo ìje parí. Wọ́n wá gbé ọkọ̀ Riley méjì tó jọra wá sí Brands Hatch, àwọn méjèèjì wà á, wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀, wọ́n tún wà á. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni Sears fi borí tó sì gba adé. Títí dòní, ohun tí BTCC ń wá kò yàtọ̀ sí ti ọjọ́ yẹn: bí ọkọ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ta ló mọ ọkọ̀ wà jù?

Orí kart ni wọ́n ti ń kọ́ ìdáhùn ìbéèrè yẹn, ó sì yẹ kí òbí mọ ohun tí ọmọ ń kọ́ níbẹ̀, torí lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, eré ọmọdé lásán ni. Kart kò ní sípíríǹgì, kò ní ṣọ́ọ̀kì, kò sì ní ohun tó ń jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn kan yí ju èkejì lọ. Irin kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, bákan náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ọkọ̀ bá dé kọ́nà, táyà tó wà lóde ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti inú lọ. Bí méjèèjì bá wà nílẹ̀, kart kò ní fẹ́ yí. Iwájú ni yóò kàn máa wọ́ lọ. Ohun tí ọmọ tó mọ̀ ọ́n wà máa ń ṣe ni pé, bó ṣe dé ẹnu kọ́nà, á yí sítíárì gírí. Bí wọ́n ṣe ṣe táyà iwájú, bó bá yí báyẹn, yóò ti igun kan férémù sísàlẹ̀, yóò gbé igun kejì sókè. Irin férémù á tẹ̀ díẹ̀, táyà ẹ̀yìn ti inú á kúrò nílẹ̀, kart á sì wọ kọ́nà. Kíá ni ọmọ náà á dá sítíárì padà kí táyà náà lè balẹ̀. Bó bá pẹ́ lókè jù, táyà kan ṣoṣo ni yóò máa ti ọkọ̀ síwájú. Bó bá yá balẹ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á lọ́ra, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, ẹni tó dúró lẹ́yìn ọgbà pápá á sì gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí mẹ́káníìkì fi ń sún àga kart síwájú tàbí sẹ́yìn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan péré: ìwúwo ọmọ náà wà lára ohun tó ń gbé táyà sókè. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá lè jáde láti inú pápá kó sọ fún bàbá rẹ̀ pé táyà inú ò tètè balẹ̀ ní kọ́nà kejì ti ń ṣe iṣẹ́ awakọ̀ touring car, nítorí ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ bá bá ẹnjiníà rẹ̀ sọ wúlò tó ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ iná.

Ọmọ ọdún mẹ́fà lè bẹ̀rẹ̀ ní ìpele Bambino, tó jẹ́ ti ìkọ́ni. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ ló lè wọ Cadet, lẹ́yìn náà ló kan Junior, ó sì lè bọ́ sí Senior bó bá ti tó ọmọ ọdún 16. Kó tó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ díje lábẹ́ Motorsport UK, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kó sì yege nínú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní ARKS. Àwọn pápá tí orúkọ wọn rinlẹ̀ ni Rye House ní Hertfordshire, Buckmore Park ní Kent, Whilton Mill ní Northamptonshire àti PF International ní Lincolnshire. Rye House ni Hamilton fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1995, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tó gba adé Cadet ti gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti di ọmọ ọdún 13 nígbà tí McLaren fọwọ́ sí ìwé fún un ní 1998. Anthony, bàbá rẹ̀, ṣe iṣẹ́ lórí iṣẹ́ kí owó tó ó tó. Ìtàn yẹn ni ọ̀pọ̀ òbí ń rántí. Ohun tí wọn kì í rántí ni pé ọmọ tí ilé-iṣẹ́ ńlá gbà láti kékeré ò pọ̀ rárá. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tó ń gba ife ní pápá kart ni ẹnikẹ́ni kò ní pè, àwọn gan-an ni ọ̀nà touring car wúlò fún.

Kọ́nà tó le jù lójú ọ̀nà náà wà ní ọmọ ọdún 14 sí 16. Nígbà yẹn, ọmọ ti tóbi fún Cadet, ẹbí sì gbọ́dọ̀ yàn. Bí wọ́n bá fẹ́ ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, Formula 4 ló kàn, owó ibẹ̀ sì ga. Bí wọ́n bá fẹ́ ọkọ̀ tó ní òrùlé, Ginetta Junior wà, ìdíje fún ọmọ ọdún 14 sí 17. Ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń wà, Ginetta G40, agbára rẹ̀ jẹ́ bíi 100 ẹṣin. Ó kéré, kò sì lè bo àṣìṣe mọ́lẹ̀: ẹni tó bá pàdánù eré ní kọ́nà kan kò ní agbára ẹ́ńjìnnì tó máa fi gbà á padà. Kí ọmọ tó wọ ibẹ̀, ó ní láti yege nínú ìdánwò mìíràn, ARDS, tí wọ́n ti ń bi í ní ìtumọ̀ àsíá, tí olùkọ́ sì ń jókòó tì í nínú pápá. Ní àwọn ìje rẹ̀ àkọ́kọ́, àmì aláwọ̀ yẹ́lò tó ní X dúdú á wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ẹni tuntun ni. Lando Norris gba Ginetta Junior kọjá ní 2014 kó tó bọ́ sí ọ̀nà Formula. Ẹ̀rí nìyẹn pé ọmọ tó bá yà síbẹ̀ kò tíì ti ilẹ̀kùn kankan mọ́ ara rẹ̀.

Ẹni tí ìrìn rẹ̀ fi ọ̀nà yìí hàn jù lọ ni Tom Ingram, tí wọ́n bí ní 1993. Láti orí kart ló ti bọ́ sí Ginetta Junior, ó sì gba adé ibẹ̀ ní 2010. Kò sá lọ sí Formula. Ó bá Ginetta lọ sí ìpele àgbà, ó gba GT Supercup ní 2013, ó sì wọ BTCC ní 2014 nínú Toyota Avensis ti Speedworks, ẹgbẹ́ kékeré tí kò sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà. Ọdún méjì kọjá kó tó rí ìje kan gbà. Ní 2018 ó ṣe ipò kejì. Ó di 2019 kí Toyota tó ti ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn pẹ̀lú Corolla tuntun. Ní 2021 ó kọjá sí ẹgbẹ́ Excelr8 àti Hyundai i30, ní 2022 adé náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọdún méjìlá ló wà láàárín adé ọmọdé rẹ̀ àti adé àgbà. Jake Hill, tó gba adé 2024 nínú BMW, ti kọ́kọ́ wọ BTCC láti 2013. Ìlọsíwájú tó yá ni ti Ash Sutton. Lẹ́yìn tó ti wa Formula Ford, ó yà sí Renault Clio Cup, ó gba adé ibẹ̀ ní 2015, ó wọ BTCC pẹ̀lú MG ní 2016, ó sì gba adé àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú Subaru ní 2017. Ó tún gbà á ní 2020, 2021 àti 2023, èyí tó mú un dọ́gba pẹ̀lú Andy Rouse àti Colin Turkington tí àwọn náà gba mẹ́rin mẹ́rin. Clio Cup ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kógbá wọlé lẹ́yìn 2019. Mini Challenge ló gba àyè rẹ̀ nínú ètò ọjọ́ ìje BTCC.

Kíkúrò nínú kart bọ́ sí touring car ń mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kọ́ nǹkan tuntun. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti kart, ṣùgbọ́n táyà iwájú ló ń fa púpọ̀ nínú ọkọ̀ BTCC. Táyà iwájú kan náà ló ń yí ọkọ̀, òun ló ń fà á, òun ló sì ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ìdúró bíréèkì, nítorí náà ó tètè ń gbóná, ó sì tètè ń jẹ. Ti ẹ̀yìn ò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń tutù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìje pàápàá. Awakọ̀ tó bá tú ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójijì ní kọ́nà àkọ́kọ́ lè rí i pé ìdí ọkọ̀ ti ń sáré ju imú lọ. Ìṣe ọmọ kart ni láti tú ẹsẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí iwájú ń fà, iná ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ kí iwájú lè fa ẹ̀yìn padà sí ọ̀nà. Ó gba àkókò kí ara tó gbà.

Ìje mẹ́ta ló ń wáyé ní ọjọ́ Sunday kan ṣoṣo. Ìdánwò eré ọjọ́ Saturday ló ń pín ipò fún ìje kìíní, èsì ìje kìíní ló ń pín ti èkejì, fún ẹ̀kẹta wọ́n á mú nọ́ńbà kan, wọ́n á sì dojú àwọn tó wà lókè dé, kí ẹni tó borí ìje kejì lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ń gba máàkì 20, èkejì 17, ẹ̀kẹta 15, títí dé ipò kẹẹ̀ẹ́dógún. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń di ẹrù lé ọkọ̀ ẹni tó bá ń ṣíwájú. Láti 2022 dé 2024, agbára hybrid ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹni tó wà lókè kì í sì í rí púpọ̀ lò. Nítorí èyí, ẹni tó bá ń borí lọ́jọ́ kan tó sì ń já lọ́jọ́ kejì kì í gba adé. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń gba ipò karùn-ún ní ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ kò lè sáré tó ló ń gbà á. Láàárín Donington Park, Thruxton, Croft àti Knockhill ní Scotland, oṣù tó pọ̀ nínú ọdún ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn.

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, níbí sì ni ọ̀rọ̀ ti gbọ́dọ̀ já gaara. Kart tuntun àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ná ẹbí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, táyà, epo, ọkọ̀ tí ń gbé e àti ìrìn-àjò kò sí nínú ẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ bá àwọn àgbà kart díje káàkiri orílẹ̀-èdè á ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ́dún. Tó bá di BTCC, ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ pọ́n-ùn ni ọdún kan ṣoṣo ń jẹ, owó onígbọ̀wọ́ ló sì ń bo èyí tó pọ̀ jù. Bó ti wù kí òbí lówó tó, kò yẹ kó fi ilé ṣe ohun ìdúró tàbí kó yá owó èlé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Onígbọ̀wọ́ kì í ra eré ọkọ̀ nìkan. Ó ń ra àyè lára ọkọ̀ tí tẹlifíṣọ̀n ITV4 ń fi hàn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń ra àlejò tí yóò mú wá sí pápá, ó sì ń ra ọ̀dọ́ tó lè kí àlejò dáadáa, tó lè sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà, tí kò ní kó ìtìjú bá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kọ́ ilé tí òbí Yorùbá ń kọ́ ọmọ, kó kí àgbà, kó dúpẹ́ oore, kó má fọwọ́ pa ojú ẹni tó ràn án lọ́wọ́ rẹ́, wà lára ohun tó ń mú owó wá ní ìdíje yìí. Ilé-ìwé náà kò gbọ́dọ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ BTCC ló ní iṣẹ́ mìíràn, àwọn kan ń kọ́ awakọ̀ mìíràn ní pápá, àwọn kan sì ń ṣe òwò.

Ọ̀rọ̀ ewu kò ṣeé fi pamọ́. Kò sí bẹ́líìtì nínú kart. Akoto, aṣọ tó nípọn àti ààbò ìhà ni ọmọ ń wọ̀, ọwọ́ àti ìhà ló sì sábà máa ń ṣẹ́. Nínú touring car, ọ̀pá irin àti ohun tó ń so akoto mọ́ èjìká ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Síbẹ̀, ní Donington Park ní oṣù kẹrin 2017, níbi ìje Formula 4 tó ń wáyé ní ọjọ́ BTCC, Billy Monger, ọmọ ọdún 17, pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó padà sí eré ìje lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Òbí tó bá fọwọ́ sí ìwé ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìtàn méjèèjì, ti ìpalára àti ti ìpadàbọ̀.

Ẹni tí kò lè gba orí kart kọjá náà lè dé touring car. Nicolas Hamilton, àbúrò Lewis, ní àrùn ọpọlọ tó ń mú ẹsẹ̀ le láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Eré ìje orí kọ̀ǹpútà ló fi kọ́ ọ. Ó wọ Clio Cup ní 2011, nígbà tó sì di 2015 ó di awakọ̀ àkọ́kọ́ tó ní ìpèníjà ara tó díje nínú BTCC, nínú ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe fún un kó lè fi ọwọ́ tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ó tún padà sí ìdíje náà ní 2019. Àwọn ọmọbìnrin náà kò gbẹ́yìn: Jade Edwards wa BTCC ní 2021.

Síbẹ̀, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó wà nínú pápá kò tó nǹkan. Hamilton Commission, tí Lewis dá sílẹ̀ pẹ̀lú Royal Academy of Engineering, gbé ìwádìí jáde ní oṣù keje 2021. Ìwádìí náà rí i pé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ nínú Formula 1 kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Touring car kọ́ ni wọ́n kà, ṣùgbọ́n pápá kan náà, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà àti owó kan náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn tàbí tì í. Ohun tí lẹ́tà yìí ń béèrè lọ́wọ́ Motorsport UK ṣe kedere. Kí àjọ náà máa tẹ iye tí ìpele kọ̀ọ̀kan ń jẹ jáde lọ́dọọdún, ní èdè tó yé ẹni tí kò ní mọ̀lẹ́bí nínú pápá. Kí ó kó orúkọ gbogbo ẹ̀bùn ìrànwọ́ tó wà, irú èyí tí Ginetta Junior ń fún ọmọ kan láti wa ọdún kan lọ́fẹ̀ẹ́, sí ojú kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ á parí. Kí ó gbé kart háyà lọ sí àwọn ilé-ìwé ìjọba ní Peckham, Woolwich àti Tottenham, níbi tí ọmọ tó mọ ọ̀nà wà ṣùgbọ́n tí pápá jìnnà sí.

Ní ti òbí, kò sídìí láti ra kart ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kart háyà wà ní pápá púpọ̀, ẹgbẹ́ àdúgbò sì ń ṣe ìdíje pẹ̀lú rẹ̀ láàárín ọdún. Ọdún kan níbẹ̀ á fi hàn bóyá eré náà wọ ọmọ lára tàbí ìfẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni. Bó bá wọ̀ ọ́ lára, kí wọ́n ra kart tí ẹlòmíràn ti lò, kí wọ́n wá mẹ́káníìkì olóòótọ́, kí wọ́n sì máa kọ gbogbo owó tó bá jáde sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, nítorí ìwé yẹn ni onígbọ̀wọ́ àkọ́kọ́ máa béèrè. Ọmọ tó ti wọ yunifásítì kó tó bẹ̀rẹ̀ kò tíì pẹ́ jù: British Universities Karting Championship wà fún un, owó rẹ̀ kò sì ga bíi ti àwọn yòókù. Ní ọjọ́ ìje BTCC, wọ́n máa ń ṣí ojú ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí fún àwọn òǹwòran láàárín ìje. Kí wọ́n mú ọmọ lọ síbẹ̀, kó bi awakọ̀ ní ìbéèrè tirẹ̀, kí òbí náà sì bi ọ̀gá ẹgbẹ́ ní iye tí àyè kan ń jẹ.